Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Rẹ Kò Rí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ara yín le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ara tèmi dá, àfi orúnkún tó ń rán mi létí ọjọ́ orí mi bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ojú ìwé mẹ́ta lo kọ, ìlà kan péré lo fi béèrè bàbá rẹ. Mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìlà kan yẹn gùn, nítorí náà, wá ibi jókòó kà á.

Bàbá rẹ kò ríran mọ́. Etí tó ti di láti kékeré ni gbogbo wa mọ̀. A ò mọ̀ pé ojú náà ń tẹ̀lé e. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, bàbá rẹ gé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú ju mẹ́ta yòókù lọ. Wọ́n á na ọwọ́ mú òòlù, ọwọ́ á bọ́ sórí ayùn. Mo ní àgbà ló dé. Dókítà ló là á yé mi pé ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí ojú náà ti ń pa dé láti ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé iwájú gan-an nìkan ni wọ́n ń rí, bí ẹni ń yọjú wo inú páìpù. Lóṣù kejì ọdún yìí, ihò páìpù náà dí.

Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ èdè ọwọ́ tí a jọ ń sọ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa. Nígbà tí ojú lọ, afẹ́fẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi ọwọ́ béèrè pé, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Mo wà níbẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Màá di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á já a gbà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé sí wọn lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì kan ló ní kí n lọ wá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alágbọ̀n, nítorí agbọ̀n ló ń hun. Òun náà kò gbọ́ràn, kò sì ríran, ó ti lé lógún ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ó jókòó kojú bàbá rẹ, orúnkún kan orúnkún, ó gbé ọwọ́ wọn lé ọwọ́ tirẹ̀. Bàbá rẹ fà á kúrò. Obìnrin náà kò bínú. Ó gbé ọ̀kan nínú agbọ̀n rẹ̀ lé wọn nítan, ó sì dúró. O mọ bàbá rẹ: kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì tí wọn kì í yẹ̀ wò. Wọ́n fọwọ́ tọ́ agbọ̀n náà yí ká, wọ́n bá ibi tí ìhun ti fo, wọ́n mú ìka obìnrin náà, wọ́n fi lé àléébù náà gan-an. Obìnrin náà fi ìka márààrún họ apá wọn wéréwéré, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ̀rín lòun ń rín. Ó wá fi ọwọ́ sọ ọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn pé, "Àwọn oníbàárà mi tó lójú ò rí i rí." Bàbá rẹ na ọwọ́ kejì sí i.

Èmi ló wá le fún jù. Ìyá Alágbọ̀n gba ẹnu ọmọ rẹ̀ bá mi wí: orí tí mò ń mì, ta ló ń rí i? Ó ní bí bàbá rẹ bá ń sọ̀rọ̀, kí n máa tẹ itan wọn pẹ́pẹ́, kí wọ́n mọ̀ pé mò ń gbọ́. "Bí ọwọ́ rẹ bá dákẹ́, o ti jáde nínú yàrá nìyẹn." Ó kọ́ mi kí n máa fi ìka ya yàrá sí wọn lẹ́yìn: ibi tí ilẹ̀kùn wà, ẹni tó wọlé, ibi tó jókòó sí. Oṣù méjì ló gbà mí. Àròyé àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ kó lé mi lọ́wọ́ ni pé láti ìgbà tí ojú wọn ti lọ ni iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti ń pọ̀ jù. Mo fún wọn lésì tó tọ́ sí wọn. Inú mi dùn pé a tún ń jà.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí o kó lọ, lẹ́yìn ìjà yín lórí pé o ò ṣe iṣẹ́ káfíńtà mọ́, o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn, o fi ọwọ́ sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ṣàdúrà fún mi." Wọ́n ń fági lọ ní tiwọn, wọn ò gbójú sókè. O sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé, "Mọ́mì, wọ́n rí mi, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí mi." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo sọ ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n dá mi dúró. "Níbo ló dúró sí?" Mo ya ṣọ́ọ̀bù sí wọn lẹ́yìn: tábìlì nìyí, ẹ̀yin nìyí, òun nìyí lọ́wọ́ òsì. Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Apá ibẹ̀ ti ṣókùnkùn sí mi nígbà yẹn. Mo rò pé ó lọ láì kí mi ni." Àṣé àwọn náà ń gbé ìbínú tiwọn kiri. Wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Nígbà kẹta, wọ́n ń tẹ itan mi, pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́, bí ẹni pé ìwọ gan-an lò ń sọ ọ́.

Mi ò ní tàn ọ́. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló dára. Wọ́n ń forí gbá ilẹ̀kùn, ọjọ́ mìíràn sì wà tí wọn ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ayùn ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bá ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù dán ara àga, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dán tó wọn.

Mo ní kí n bá wọn kọ èsì sí ọ, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ìwé sọ. Wá. Bí o bá dé, má fà wọ́n, má gbá wọn mú lójijì. Gbé ọwọ́ lé èjìká wọn, jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi wá a kàn. Èdè ọwọ́ lo kọ́kọ́ mọ̀ kí o tó mọ ti ẹnu. Kò ní ṣòro fún ọ.

Ọ̀nà á là fún ọ. Iṣẹ́ rẹ á máa gbòòrò, ilé rẹ á tòrò. A ò ní fi àìmọ̀ pàdánù ara wa.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Mọ́mì

Àfikún: Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọwọ́ bàbá rẹ wà lórí ọrùn ọwọ́ mi. Wọ́n béèrè ẹni tí mò ń kọ̀wé sí, mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí o gé èékánná rẹ kí o tó wá, nítorí ọ̀rọ̀ pọ̀.