Ẹ Má Fọwọ́ Kan Nǹkan Kan Títí Adójútòfò Yóò Fi Dé

Agboolé Ògúndìran,
Ìgbòho.

Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi,

Ògiri yàrá ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ládòkun, ti wó. Ọkùnrin adójútòfò tí o ní kí á máa retí dé lánàá, ó wò ó, ó sì ti padà lọ. Ọsibítù Ṣakí ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ni ògiri náà wó lù.

Ṣé àlàáfíà ni o wà n'Íbàdàn? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé a kì í ti orí ìròyìn bọ́ sórí ìkíni, ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ tán, ojú rẹ á ti máa sáré wá ohun tó kù. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rí omi tí yóò gbé ọ lọ. Iṣu ọdún yìí ta dáadáa, àgbàdo nìkan ni ewúrẹ́ àwọn ará ìsàlẹ̀ jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ni mo fi ránṣẹ́ nítorí pé láti ọjọ́ Sọ́ńdè ni fóònù kò ti lọ, tí kò sì bọ̀ ní ìlú yìí. Mo ní kí Ládòkun pè ọ́ láti Ṣakí, ó ní òun kò mọ ohun tí òun máa bá ọ sọ.

Mo fẹ́ to gbogbo rẹ̀ fún ọ bó ṣe lọ, kí o lè rí i pé a tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ láìyẹsẹ̀.

Páìpù tí o ní kí wọ́n gba inú ògiri yẹn gbé lọ sí balùwẹ̀ ló bẹ́ láàárọ̀ Sátidé. Omi ń tú jáde lára ògiri bí ẹni pé wọ́n gún un lọ́bẹ. Mo pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. O ní ìpàdé lo wà, o ní kí n fọkàn balẹ̀, pé torí irú ọjọ́ báyìí lo ṣe ń sanwó fún adójútòfò lọ́dọọdún. O ní kí á má fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọn yóò fi dé, kí á sì ya fọ́tò rẹ̀. Fóònù tèmi kò ní ojú tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Mo bá gbé àpótí jókòó síwájú ògiri náà, mo ń wò ó dáadáa, pé bí wọ́n bá dé tí wọ́n bi mí, n ó lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn.

Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n sì dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Wọ́n mú ọkọ́ àti abọ́ lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ la ojú omi gba ẹ̀yìnkùlé kó má baà dúró sídìí ògiri, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé amọ̀ ni ilé wa, sìmẹ́ńtì kàn bò ó lára ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dá wọn padà. Ládòkun ní kí òun lọ ti omi nídìí táńkì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní omi lèyí o, Bàbá, kì í ṣe òkú tí à ń dúró de ọlọ́pàá lé lórí. Mo ní ẹni tó sanwó ló sọ bẹ́ẹ̀, òun kò san kọ́bọ̀. Ó bínú lọ sóko. Táńkì náà kò sì gbẹ, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn tí o rà fún wa ń fa omi kún un láti inú kànga. Ẹ̀rọ gidi ni, kò já wa kulẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ní Sọ́ńdè, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá sùn ní pálọ̀. Ó ní ibi tí bẹ́ẹ̀dì òun bá wà lòun máa sùn, kí á bá òun gbé e. Mo ní a ò lè gbé bẹ́ẹ̀dì, nǹkan ni bẹ́ẹ̀dì. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa, Ògúndìran, bí ẹ ò bá gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan, èmi náà wà lára nǹkan, ẹ jẹ́ n wà níbẹ̀. A jọ rẹ́rìn-ín. Ní ìdájí, ògiri náà wó.

Olúwatìmílẹ́yìn ni orúkọ ọkùnrin adójútòfò náà, ọmọlúàbí ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún un ni pé a fọwọ́ kan ibẹ̀ díẹ̀ nígbà tí à ń fa ẹ̀gbọ́n mi jáde, kó má bínú, pé yàtọ̀ sí ìyẹn a ò ṣe ohun mìíràn. Mo ti wọ agbádá, mo dúró síwájú òkìtì amọ̀ náà kí fọ́tò rẹ̀ lè fi ẹni tó nilé hàn. Ó rọra ní kí n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògiri lòun fẹ́ yà. Ó dùn mí díẹ̀. Tíṣà Ọlátúnjí, tó wá bá wa ka ìwé wọn, ní kí n má ṣe bínú, ògiri ló bá wọn mulẹ̀, kì í ṣe èmi.

Olúwatìmílẹ́yìn bi mí nípa ìgbà tí omi náà bẹ̀rẹ̀. Mo ní Sátidé ló bẹ́, ṣùgbọ́n ògiri náà ti ń làágùn láti ìgbà ọyẹ́ tí gbogbo nǹkan yòókù gbẹ, olú tilẹ̀ hù sí ìdí rẹ̀. Ó ní kí n rò ó dáadáa, ṣé kì í ṣe Sátidé yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ rí omi? Mo ní ó ti pẹ́. Ó tún bi mí, mo tún sọ fún un. Nígbà tó máa bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rò pé etí ló ń dùn ún, mo bá gbóhùn sókè.

Ó ṣàlàyé fún wa pé omi tó bá bẹ́ lójijì nínú páìpù, àwọn a máa san ti ibi tó bà jẹ́. Èyí tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ tí onílé ń wò ó, ọrùn onílé nìyẹn wà. Àgbàrá òjò náà, àfi ẹni tó bá sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní tiwa dára nígbà náà, nítorí méjèèjì ló ṣe, ó jò díẹ̀díẹ̀, ó sì tún bẹ́ lójijì.

Ó wá bi mí pé ta ló ti omi, àti pé ìgbà wo ló tì í. Ibẹ̀ ni inú mi ti dùn, ọmọ mi. Mo dìde dúró, mo ní kò sẹ́ni tó tì í, omi náà nìyẹn tó ṣì ń ṣàn. Mo ní àwọn ará àdúgbò wá, mo dá wọn padà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi ló pa á láṣẹ, kó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Tíṣà Ọlátúnjí ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń wá. Olúwatìmílẹ́yìn fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sídìí táńkì, ó yí nǹkan pupa kan báyìí, omi sì dákẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà sọ́dọ̀ wa.

Mo bi í nípa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ilé ni ìwé náà wà fún, kò kan ènìyàn inú rẹ̀. Mo ní ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, ahoro là ń pè é. Ṣé ahoro lẹ̀ ń ṣe adójútòfò fún ni? Ó bojú wolẹ̀. Ó ní òun á kọ ohun tí òun rí ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá òun, àwọn ló máa sọ̀rọ̀. Mo bu omi fún un, kò mu.

Nígbà tó lọ tán, Tíṣà Ọlátúnjí ní òun kò rò pé wọ́n máa san nǹkan kan, pé ó yẹ kí á ti ti omi náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwọ tí o ka ìwé dé yunifásítì kò lè sọ ohun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ.

Bí o bá rí nǹkan fi ránṣẹ́, Ládòkun ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, owó oògùn ló ń lé e kiri ní Ṣakí. Bí ọwọ́ rẹ kò bá sì tó o, má dààmú, adójútòfò á ti san kí á tó wa iṣu. Ilé tí o ń kọ́ kò ní wó lójú rẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò ní di ìpalára fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ, ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ni o ó fi rìn dé ọjọ́ ogbó.

Ọ̀pá tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń rìn wà lábẹ́ amọ̀ náà. Mo ń rí orí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, àrọ́wọ́tó ni. Láràárọ̀ ló ń ránṣẹ́ pé kí á bá òun mú un wá. Olúwatìmílẹ́yìn kò sọ bóyá a ti lè fọwọ́ kàn án, ìwọ náà ò sì tíì sọ. Ọlọ́kadà tó ti Ṣakí dé nírọ̀lẹ́ yìí jíṣẹ́ Ládòkun pé lọ́la ni dókítà máa sọ bóyá ẹsẹ̀ náà á dúró tàbí wọ́n á gé e. Bóyá ọ̀pá kan á ṣì tó o, a ò tíì gbọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúndìran.