Ẹni Tó Kọ́ Kọ̀ǹpútà Láti Máa Sọ Òótọ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà David Adéníyì Oyèlàdé (1958–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 1958 ni wọ́n bí Alàgbà David Adéníyì Oyèlàdé sí agbo-ilé Alásẹ́ ní Kúdẹtì, nílùú Ìbàdàn. Olóògbé Joseph Oyèlàdé, tó fi ogójì ọdún tún aago ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Bẹẹrẹ, ni bàbá wọn. Olóògbé Grace Àbẹ̀kẹ́, tó ń ta ìkòkò amọ̀ ní Ọjà'ba, ni ìyá wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni Bàbá lọ́tùn-ún lósì, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, nítorí bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran wọn, oúnjẹ á ti tutù kí wọ́n tó dé orí ẹni tó tẹ agbo-ilé náà dó.

Ìdí aago ni Bàbá ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó tọ́ wọn dàgbà, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wọn. Bí aago kan bá ṣòroó tún ṣe fún Pa Joseph, wọn kì í sọ ọ́ lójú oníbàárà. Wọ́n á nu gíláàsì rẹ̀ títí á fi máa dán, wọ́n á ní, "Ó ti ń gbọ́ràn," wọ́n á sì ní kí ẹni náà padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe pé òpùrọ́ ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn náà nìyẹn: àṣírí là ń bò, ẹni tó bá sì jẹ́wọ́ lójú àwùjọ pé nǹkan bà jẹ́ lọ́wọ́ òun ti dójú ti ilé rẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì lọ́dún 1964, wọ́n sì jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún 1976. Ìṣirò dùn lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀lù nìkan ni kò gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 1981 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò àkójọ iye (statistics) ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe, ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n sì wọ iṣẹ́ ìjọba.

Ọdún 1986 ni wọ́n gbé Màmá, Bertha Olúfúnkẹ́, níyàwó. Télọ̀ ni Màmá ní Ìdí-Arẹrẹ nígbà náà. Ṣòkòtò kan náà ni Bàbá gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, lónìí ó gùn jù, lọ́la ó fún jù, kí Màmá tó fura pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ṣòkòtò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta dá ìgbéyàwó náà lọ́lá.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ọ́fíìsì wọn lọ́dún 1989, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lábẹ́ aṣọ, nítorí ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Bàbá ló ká aṣọ náà kúrò. Nígbà tí wọ́n fi máa fẹ̀yìn tì lọ́dún 2010, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bẹ́yẹrúnkà láti máa fi ṣiṣẹ́ jẹun. Èdè tí wọ́n ń pè ní Python ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ràn èdè náà nítorí pé bí èèyàn bá ti kọ ọ́ tán ló máa ń ṣiṣẹ́, kò ní kí èèyàn dúró de òun.

Iṣẹ́ tó sọ Bàbá di ẹni tí ẹ mọ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Ìdí-Arẹrẹ, tó jẹ́ ti Dókítà Abdulmajeed. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé ọmọ sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, kọ̀ǹpútà á ka ìwúwo rẹ̀, á sì ṣírò iye oògùn tó yẹ ọmọ náà. Èdè tí Bàbá fi kọ ètò yìí kò lè bá ẹ̀rọ ìwọ̀n sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Láíbìrì kan ló ń bá a ṣe ògbufọ̀: fáìlì kan ni, tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ iṣẹ́ sínú rẹ̀, tí ètò yòówù sì lè ṣí kó lò. Bí ètò kò bá rí láíbìrì rẹ̀ ṣí, kọ̀ǹpútà á pariwo, á sì dá iṣẹ́ dúró.

Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ gbé ètò náà wá fi han àwọn èèyàn gan-an ni láíbìrì kọ̀ tí kò ṣí. Ọ̀rọ̀ pupa gba ojú kọ̀ǹpútà kan lójú àwọn ìyá ọlọ́mọ, ìyá kan sì pọn ọmọ rẹ̀, ó ní òun ò lè fi ọmọ òun dán nǹkan wò. Ojú ti Bàbá gidigidi. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n kọ ọ́ sínú ètò náà pé bí láíbìrì kò bá ṣí, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó mú ìwúwo tó kà gbẹ̀yìn, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bíi bàbá wọn, wọ́n nu gíláàsì aago.

Ọdún mẹ́ta kọjá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2016, abiyamọ kan tó ń jẹ́ Karimat gbé Jubril, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù méjì, dé pẹ̀lú gìrì. Wọ́n ti sọ kọ̀ǹpútà náà dọ̀tun lópin ọ̀sẹ̀, láíbìrì ẹ̀rọ ìwọ̀n kò sì bá a mu mọ́. Ètò náà dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò tíì sí ọmọ tí wọ́n wọ̀n láti ìgbà náà, nítorí náà ìwúwo ọmọ tí wọ́n wọ̀n kẹ́yìn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló gbé síta, kílò méjìlá. Kílò mẹ́rin ni Jubril. Nọ́ọ̀sì Mutmainnah, tó ń du ẹ̀mí ọmọ tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, gún un lábẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà ní kó gún. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ ọmọ náà ni. Gìrì náà dáwọ́ dúró, àmọ́ ara ọmọ rọ jọwọlọ, èémí rẹ̀ sì ń fà tìkọ̀-tìkọ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Nọ́ọ̀sì Mutmainnah ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ bá. Wọ́n ní òun ló ṣi nọ́ńbà kà, kí oòrùn sì tó yẹ̀ lójú ọ̀run, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Bàbá ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti wá yẹ kọ̀ǹpútà wò. Kò gbà wọ́n ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi rí ìlà tí ọwọ́ àwọn fúnra wọn kọ. Wọ́n sọ ọ́ fún Dókítà Abdulmajeed lójú ẹsẹ̀. Èèyàn rere ni Dókítà, àmọ́ ẹ̀rù bà á.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ síta," ni Dókítà wí. "Ẹ jẹ́ ká bo ara wa láṣìírí. Nọ́ọ̀sì á ríṣẹ́ síbòmíì."

"Dókítà, àṣírí tí mo bò ló gbé ọmọ yẹn sórí bẹ́ẹ̀dì," ni Bàbá dáhùn.

Wọ́n lọ bá Karimat nílé ìwòsàn ńlá náà. Ọkùnrin ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú abiyamọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ, wọ́n ní, "Kọ̀ǹpútà tí mo ṣe ló parọ́ fún nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo kọ́ ọ nírọ́."

Karimat ní, "Bàbá, ẹ dìde. Mi ò tíì lè bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ mi mí dáadáa ná."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Jubril mu ọmú. Nọ́ọ̀sì Mutmainnah padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé Mápó àti Ọjà'ba, fún oṣù mọ́kànlá kò sì sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ fún Bàbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ló bọ́ ilé. Lónìí, Jubril ti wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wá kí ẹbí.

Láàárín oṣù mọ́kànlá yẹn ni Bàbá tún ètò náà kọ látòkè délẹ̀. Láràárọ̀, kí ọmọ kankan tó dé, ètò náà á kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣí láíbìrì. Bí kò bá ṣí, á sọ orúkọ fáìlì tó ń wá, á sọ ibi tó wá a dé, á sì sọ ohun tí kọ̀ǹpútà fi dá a lóhùn, láìfi iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, á ti ìṣirò oògùn pa, á sì kọ ọ́ ní Yorùbá gbàgàdà: "Mi ò rí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá sọ̀rọ̀. Ẹ má gba ìwúwo kankan gbọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ fọwọ́ ara yín wọn ọmọ." Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tu Bàbá nínú pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n á ní ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ilé ọba.

Láti ọdún 2018, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àdúrà wọn ní Kúdẹtì, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹ̀kọ́ kìíní wọn kò yí padà rí. Wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ láíbìrì kúrò níbi tó wà, kó wo bí ètò á ṣe ṣubú, kó sì ka àṣìṣe náà sókè ketekete. "Ẹni tó wá kí èèyàn nílé," wọ́n á ní, "ó yẹ kó mọ̀ bóyá ilé ni òun ò rí, tàbí ilẹ̀kùn ni kò ṣí, tàbí òun wọlé tán ni wọ́n ní ẹni tí òun ń wá ti kó lọ. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Má ṣe padà wá sọ fún mi pé o ti kí i." Sàláúdéènì, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ló ń darí kíláàsì náà báyìí.

Nínú ìgbàgbọ́, Aládùúrà tọkàntọkàn ni Bàbá. Wọ́n gba oyè Alàgbà lọ́dún 2004. Àdúrà wọn kì í gùn, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ ló sì fẹ́ràn wọn nítorí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn oníṣègùn sọ fún àwọn ọmọ pé kíndìnrín Bàbá méjèèjì ti ń kú lọ, pé àkókò tó kù kò pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ forí korí, wọ́n sì ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí. Wọ́n sọ fún Bàbá pé ibà àti àárẹ̀ ni, pé kí wọ́n ṣáà máa sinmi. Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá Tẹniọlá, àbúrò Bàbá kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn jìnnà mọ́, ránṣẹ́ láti Ṣakí pé kí ẹ̀gbọ́n àwọn wá bá àwọn ṣe Àjíǹde. Bàbá ṣì ń gun àtẹ̀gùn Bẹ́yẹrúnkà nígbà náà. Wọ́n ní kò sí ìkánjú, pé bí ibà yìí bá lọ tán, ní oṣù kẹfà, àwọn á lọ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ara Ìrètíolúwa, ọmọ wọn àgbà, kò gbà á mọ́, ó sì sọ òótọ́ fún wọn. Ẹsẹ̀ Bàbá ti wú, wọn kò lè jókòó pẹ́. Wọ́n béèrè ìgbà tí àwọn ọmọ ti mọ̀. Ìrètíolúwa sọ ọ́.

"Ọ̀sẹ̀ méje," ni Bàbá wí. "Ǹ bá ti lọ rí Tẹniọlá."

Wọn kò bínú, ìyẹn ló sì dun àwọn ọmọ jù. Orí fóònù tó ń fi ojú hàn ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti dágbére. Màmá Tẹniọlá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ sún ojú ẹ̀gbọ́n àwọn mọ́ fóònù, kí wọ́n tún sún un sí i, títí wọ́n fi ní ó tó, pé ohùn ẹ̀gbọ́n àwọn nìkan náà dára. Bàbá kú ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin.

Nítorí náà, ẹbí kò kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé àìsàn ránpẹ́ ló mú Bàbá lọ. Àrùn kíndìnrín ni. Àwọn ọmọ mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú Bàbá, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ ni: aya wọn, Màmá Bertha Olúfúnkẹ́ Oyèlàdé, àwọn ọmọ wọn, Ìrètíolúwa, Grace àti Samuel, ọmọ-ọmọ márùn-ún, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti àbúrò wọn, Màmá Tẹniọlá ti Ṣakí, tí àwọn ọmọ ń bẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ lójú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ péjọ, nítorí ìpàdé tí wọ́n fi dù wọ́n.

Olúwa á tẹ́ ibùsùn rere fún yín, Bàbá. Ẹ sùn re o. Ẹ forí jì wá.