Abọ́ Márùn-ún Nílé Màmá Dáyọ̀

Àkúrẹ́, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oǹdó dé. Mi ò lè jẹun.

Ilé Màmá Dáyọ̀ ní Oǹdó làwa ọ̀rẹ́ márùn-ún ti máa ń dán iṣẹ́ tuntun wò ká tó fi kún áàpù wa tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fáwọn tí kò ríran. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè bá wa kọ ọ́. Màmá ò ríran. Ohun tí kò bá yé e, a kì í fi síbẹ̀.

Èmi nìkan ló lọ lónìí. Látìgbà tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń sanwó fún mi kí n fi kíka àláàtì báńkì kún un, àwọn yòókù ò dá sí i mọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ní kí n gbà á.

Ó ṣiṣẹ́. Màmá ní òun ò ní máa bẹ ará ilé mọ́ kí wọ́n tó bá òun wo owó òun. Ó yẹ kínú mi dùn.

Ohùn áàpù náà ń kánjú níbì kan. Dáyọ̀, ọ̀kan nínú wa, tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé, ló kọ apá ohùn látìbẹ̀rẹ̀, mo bá ní kó bá mi wò ó. Kò gbójú sókè. "Ọ̀gá, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ni kó tún un ṣe."

Ọ̀gá. Dáyọ̀ tá a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ní yunifásítì.

Mo dìde láti máa lọ. Màmá ní, "Jókòó, ọmọ mi. Mo ti gúnyán. Àwọn mẹ́ta yòókù ò tíì dé."

Abọ́ márùn-ún ló wà lórí tábìlì. Màmá dẹ etí sí ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó, mo ń bá a tẹ́tí.