Ọkùnrin Tó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Mi

Sátidé, ìrọ̀lẹ́, Manigri

Mo ti ti ìlẹ̀kùn kí n tó jókòó kọ èyí.

Lọ́sàn-án, nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Bassila, a wo fíìmù kọ́bọ́ì àtijọ́ kan, dúdú àti funfun. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ti ẹ̀wọ̀n dé, ó ń wá obìnrin tó jẹ́rìí lòdì sí i. Kò sáré, kò pariwo. Òjìji rẹ̀ nìkan là ń rí lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mo sọ níwájú adájọ́ pé mo rí Ganíyù tó ń ti iná bọ oko kajú àbúrò bàbá mi. Mo dìde kí fíìmù náà tó parí.

Mo délé, mo bá Ganíyù lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà mi. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti tú u sílẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, ìyá Sàkírà."

"O ṣé. Kí lo wá ṣe?"

"Mo ní kí n kí yín ni. Ṣé ẹ ṣì máa ń dá lọ sóko?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Mo wọlé, mo ti ìlẹ̀kùn.

Ọkọ mi ní ìkíni lásán ni. Bóyá ni. Síbẹ̀, ó ní a ó jọ lọ wa iṣu lọ́la.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá tún pè mí, ohun tí mo fojú rí náà ni màá sọ.