Bí Mo Ṣe Bá Ìyá Òkè Gun Òkè Búdà

Ajé, 4 August 2025
Inú mi ń dùn ṣìnkìn! Landlady mi ní kí n bá àwọn gun òkè ní Sátidé. Ìyá Òkè ni mo ń pè wọ́n níbí — àwọn lókè, èmi ní basement, nínú ilé wọn ní àdúgbò Temple ní Calgary. Ará Vietnam, ẹlẹ́sìn Búdà. Ojúbọ Búdà kékeré kan wà lórí òkè kan lápá ìlú Canmore. Wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́: bí orúnkún wọn tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún bá san, àwọn á fẹsẹ̀ gùn ún lọ dúpẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Calgary, ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì ni mo ti ń wo òkè!

Ọjọ́rú, 6 August
Mo sọ fún Màmá mi lórí fóònù. Ariwo! "Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ choir! Ṣé òrìṣà lo fẹ́ lọ bọ ní Canada ni?" Mo ní mo kàn fẹ́ sìn wọ́n lọ ni, mi ò ní kúnlẹ̀. Mo ṣèlérí.

Ẹtì, 8 August
Mo ra bàtà òkè. Díẹ̀ ló kù kí n wọ̀ ọ́ sùn.

Àbámẹ́ta, 9 August
Ẹsẹ̀ ń ro mí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Linh, ọmọ Ìyá Òkè, ló wa mọ́tò láti ilé rẹ̀ ní Auburn Bay wá gbé wa — ó ń kùn ṣáá pé orúnkún ìyá òun kò tíì le tó. Òótọ́ ni. Nígbà tí a gun òkè dé ìdajì, orúnkún náà kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Òkè jókòó lórí òkúta. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń wòkè. Linh kò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ni Ìyá Òkè bá na òdòdó tí wọ́n mú wá fún Búdà sí mi: "Bá mi gbé e débẹ̀. Kúnlẹ̀, sọ pé mo dúpẹ́."

Mo rántí ìlérí tí mo ṣe fún Màmá. Mo gba òdòdó.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré! Lókè — atẹ́gùn, snow lórí àwọn òkè ọ̀ọ́kán, Búdà olókùúta lábẹ́ òrùlé pákó. Mo kúnlẹ̀. Mo jíṣẹ́ náà ní Yorùbá, mo wá hó yèè!

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Òkè fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

Àìkú, 10 August
Lẹ́yìn church, mo pe Màmá. Mo ní orúnkún Ìyá Òkè kọ̀ lọ́nà, mo sì kúnlẹ̀ níbẹ̀ dípò wọn. Màmá kàn béèrè pé:
"Orúnkún ìyá náà ńkọ́?"
Mo ní ó wú.
"Mú àdí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, kí o fi wọ́ ọ fún wọn jẹ́jẹ́. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí ọwọ́ rẹ lè tó o."
Mo ti rí ìgò àdí. Mo ń gòkè lọ.