Òkúta Funfun Tí Wọ́n Fi La Ààlà Pápá

Abúlé Kanibard,
Lẹ́bàá Penjwen.

Ṣilan, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọkọ rẹ ti ń jẹun yó, àbí ó ṣì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá tí mo fi ń da ewúrẹ́? Rezan ọmọ rẹ wà láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pé. Jẹ́ kí ìyẹn kọ́kọ́ fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, torí ìròyìn tó ń bọ̀ kò dùn.

Bàbá rẹ ti di akọni! Mo pọn Rezan jáde láàárín bọ́ǹbù tí àwọn ológun rì sí ẹ̀gbẹ́ òkè, mo ń sáré bí ọmọ ogún ọdún. Ó dáa, má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé orúnkún mi kì í jẹ́ kí n gbé garawa omi. Mo fi iyọ̀ sí i ni. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí.

Bọ́ọ̀lù ni tíṣà tuntun, Mamosta Gelas, ọmọ ìlú ńlá Silemani, fi ń kọ́ wọn níwèé. Góòlù ni wọ́n ń rò pọ̀ nínú ìṣirò. Rezan tó máa ń sá fún ìwé ti ń kọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kíláàsì rẹ̀ sára pátákó. Èmi á jókòó sídìí ògiri pẹ̀lú tíì mi, màá pariwo pé, "Mamosta, fún mi ní káàdì pupa kí n lọ sùn!" Òun á ní, "Mam Hidir, ẹ ò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, kí ni kí n lé yín jáde fún?"

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí kálukú mú òkúta funfun wá, kí wọ́n fi la ààlà pápá, kí wọ́n sì wọn gígùn rẹ̀. Òkúta tí wọ́n kó dé ń dán. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó wo lẹ fẹ́ gbà lálejò tí ẹ fi kun òkúta lọ́dà?" Ṣilan, o mọ òkúta wọ̀nyẹn. Àwọn tó ń hú bọ́ǹbù ló kùn wọ́n, funfun kọjú sí ọ̀nà, pupa kọjú sí ibi ikú. Ojú funfun ni àwọn ọmọ gbé sókè. Ará ìlú ńlá ni Mamosta, kò mọ̀.

Bọ́ọ̀lù fò lọ sí òkè ẹ̀yìn ìsun omi, Rezan sá tẹ̀ lé e. Ọmọ abúlé wa kì í kọjá òkúta pupa, ṣùgbọ́n òkúta kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni orí mi tó pé. Mo kígbe, "Rezan, dúró! Má mira!" Ó dúró, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó sì fẹ́ sáré padà wá bá mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ òkúta fún Mamosta. Ó yí ọ̀kan padà, ó rí pupa. Ó ń tẹ ojú ẹsẹ̀ Rezan lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà máa ṣáájú, kí ó tẹ ibi tó tẹ̀ wá. Ojú ẹsẹ̀ ọmọdé kéré, Ṣilan. Ẹsẹ̀ àgbà kò gbà nínú rẹ̀. Rezan ti dé ọwọ́ mi nígbà tí ilẹ̀ bú.

Mamosta kú sínú ọkọ̀ kí a tó dé Penjwen.

Rezan kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́. Ó ní òun ló pa Mamosta. Mo dá gbogbo àpárá tí mo mọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Jọ̀wọ́, wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ gbà yín. Kí ẹ má fi ojú sunkún ọmọ.

Èmi ni bàbá rẹ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi,
Hidir.

Àfikún: Tí o bá dé, àwọn ará abúlé á sọ fún ọ pé èmi ni mo mú Rezan jáde, torí ọwọ́ mi ni wọ́n ti bá a. Kì í ṣe èmi. Mo sún mọ́ ọn ju Mamosta lọ, mo sì mọ ilẹ̀ náà jù ú lọ. N kò wọ ibẹ̀.