Lẹ́ǹsì Tuntun Lójú Màmá Télọ̀

                                        Ilé Màmá Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìwé,
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni nǹkan? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le koko. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú Màmá, ojú náà sì là!

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú náà ti ṣú ni mo ti gba ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Wọ́n á kàn jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n á máa fọwọ́ pa aṣọ oníbàárà. Ẹ̀rù wọn ò ju pé bóyá àwọn ò ní lè ránṣọ mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fọgbọ́n tan àwọn ọsibítù pé àwọn ṣì ń ríran. Bí àwọn tó wà níwájú ṣe ń ka lẹ́tà inú páálí ara ògiri sókè ni Màmá ń há a sórí. Nígbà tó kàn wọ́n, wọ́n kà á geere bí ọmọ ilé ìwé. Àṣé nọ́ọ̀sì ti pààrọ̀ páálí náà! Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹkún ni mo sun.

Dókítà ojú, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, kò bínú. Ó ní láyé ìyá ìyá wa, wọ́n á yọ ohun tó ṣú nínú ojú dànù, wọ́n á sì gbé awò tó nípọn bí ìdí ìgò léèyàn nímú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́ǹsì sínú ojú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀, òkèèrè nìkan ló ń rí dáadáa. Tuntun yìí ń rí òkèèrè, ó ń rí ìtòsí. Wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á tì í gba ihò tín-ín-rín wọlé, á sì tú ara rẹ̀ ká níbẹ̀.

"Òwú wo lẹ máa wá fi rán ojú ihò náà?" Màmá bi í.

"A kì í rán an, Mà. Á pa ara ẹ̀ dé."

Màmá yíjú sí mi. "Iṣẹ́ tí wọn ò rán! Ṣé kò ní tú?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí. Síbẹ̀, kò ṣèlérí pé Màmá á lè fi òwú sábẹ́rẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ojú kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìwọ náà sì ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n má fabẹ kan ojú ìyá rẹ. Ó mà dáa tá ò gbọ́ tìẹ o!

Àná ni Dókítà yọ̀ǹda pé kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́. Aṣọ ìyàwó kan ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tí Màmá wọlé. Wọ́n mú abẹ́rẹ́ tó kéré jù nínú agolo, wọ́n fi òwú dúdú sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú lọba ara lóòótọ́. Wọ́n wá fa apá aṣọ náà mọ́ra, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀.

"Ta ló rán ìránkúràn yìí?"

Mo ní èmi ni.

"Dìde lórí àga mi, jàre!"

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó yìn mí rí tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo ń jó.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ dáadáa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí wọ́n lé kúrò nídìí ẹ̀rọ,
Aránmájọ